Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò dára: ìbéèrè yín lórí àrùn ẹ̀dọ̀fóró

Àrùn tí ọ̀pọ̀ lẹ́tà yín dá lé lórí lóṣù yìí ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní COPD. Ọ̀nà tí èémí ń gbà wọnú ẹ̀dọ̀fóró á wú nínú, á fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á máa kún un. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà ní ìparí ọ̀nà èémí náà nínú ẹ̀dọ̀fóró á sì máa ya wọnú ara wọn, títí wọn ò fi ní lè fẹ̀ kí wọ́n sì súnkì bó ṣe yẹ mọ́. Kì í ṣe ikọ́ ife, kì í sì í ranni. Ẹni tó ní in lè pẹ́ láyé bó bá ń tọ́jú ara rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń dá a wólẹ̀ ni ọjọ́ tí èéfín pọ̀, tàbí tí ooru tàbí òtútù kọjá ààlà. Ìbéèrè tó jọra la kó pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan yíyí oògùn padà, dókítà yín ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Bàbá mi ní COPD, ó sì ti jáwọ́ nínú sìgá láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí èéfín bá bo àdúgbò, kì í ṣe ọjọ́ náà gan-an ni ara rẹ̀ máa ń yí padà, ó máa ń di ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní àròsọ ni mò ń sọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀yin lẹ jàre. Ohun tó ń ṣe jàǹbá jù nínú èéfín ni èérún tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5, nítorí kò fẹ̀ ju máíkírómítà méjì àtààbọ̀ lọ. Fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó ìlọ́po ogún rẹ̀, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eruku tó tóbi, imú á mú un, ọ̀fun á mú un, èèyàn á sín tàbí kó wúkọ́, ó ti jáde. PM2.5 kò dúró níbẹ̀. Ó ń bá èémí lọ títí dé inú àpò afẹ́fẹ́, àwọn tó kéré jù nínú rẹ̀ sì ń kọjá sínú ẹ̀jẹ̀.

Bó bá ti balẹ̀ síbẹ̀, ara á gbà pé ọ̀tá ti wọlé. Ọ̀nà èémí á wú sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á pọ̀ sí i. Irun tíntìntín kan wà lára ọ̀nà èémí tó máa ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè bí ìgbálẹ̀. Sìgá ti pa á lára tẹ́lẹ̀, èéfín á tún dá kún un. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí kò rí ohun tó máa gbá a jáde á wá di ibùgbé kòkòrò àrùn. Gbogbo èyí máa ń gba wákàtí púpọ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi lè máa wúkọ́ lọ́jọ́rú nítorí èéfín tó fà símú lọ́jọ́ Ajé.

Bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín kò bá tíì gbà, ẹ sọ ti ìlú London fún wọn. Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú dúró sórí ìlú náà nínú òtútù, kò rí ibi lọ. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà pé ó kú tó bí 4,000. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ó ṣeé ṣe kó tó 12,000, nítorí pé lẹ́yìn tí èéfín náà ti ká kúrò pátápátá, iye àwọn tó ń kú kò tètè padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ikọ́ kí ẹ tó ṣe nǹkan. Ẹ wá ìwé kékeré kan. Láràárọ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe rí, iye ìgbà tí bàbá lo ínhélà (oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu) tó ń tètè tú àyà lánàá, àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun kan tó máa ń ṣe lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ pé àtẹ̀gùn ló ń gùn, ẹ kọ ọ́ bóyá ó gùn ún láìdúró tàbí ó dúró lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ó ti mọ bí ọjọ́ tó dára ṣe ń rí fún un, ọjọ́ tó bá yàtọ̀ kò sì ní fara pa mọ́ fún yín. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ bá dókítà. Yóò sọ fún un ju kí ẹ kàn ní "ara bàbá ò yá lọ́sẹ̀ tó kọjá" lọ.

Ara mi máa ń yá nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn bọ́ síta láàárọ̀ tí òtútù mú, ṣe ni àyà mi máa ń fún bí ẹni pé wọ́n fi okùn dì í. Ọmọ ọdún 68 ni mí. Ṣé òtútù nìkan ló ń fà á?

Rárá, nǹkan méjì ló pàdé lára yín lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó bá máa dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ ti gbóná tó ara fúnra rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 37°C, kó sì ti rin fún omi. Imú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tí èémí ń há kì í lè fi imú nìkan mí, ẹnu ló máa ń là sílẹ̀, ẹnu kò sì mọ iṣẹ́ náà ṣe bí imú. Afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ á wá kan ọ̀nà èémí ní gbangba, iṣan tó yí i ká á sì fún un mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Okùn tí ẹ ń sọ yẹn nìyẹn.

Ìkejì ni pé lówùúrọ̀ tí òtútù mú tí ẹ̀fúùfù kò fẹ́, afẹ́fẹ́ tútù á dùbúlẹ̀ sílẹ̀, èyí tó lọ́wọ́ọ́rọ́ á wà lókè rẹ̀ bí ìdérí lórí ìkòkò. Èéfín ọkọ̀ àti ti ààrò kò ní rí ibi gòkè gbà. Ohun tí ẹ ń bọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà ni òtútù tòní pẹ̀lú èéfín tó ti wà nílẹ̀ látàná. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná díẹ̀, ìdérí náà á ṣí. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìjáde yín sí ìgbà yẹn.

Bó bá di dandan kí ẹ jáde ní kùtùkùtù, ẹ bi dókítà yín bóyá kí ẹ kọ́kọ́ fa ínhélà tó ń tètè tú àyà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọ́n máa ń gbà láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ta aṣọ rírọ̀ bo imú àti ẹnu, kí ó má fún. Èémí tí ẹ bá mí síta á mú aṣọ náà móoru, èyí tí ẹ máa mí sínú á sì gba inú ìmóoru yẹn kọjá. Bí aṣọ náà bá ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi imú mí sínú nígbà tí ẹ bá ka ení, èjì, kí ẹ wá súnnu bí ẹni fẹ́ súfèé, kí ẹ rọra mí síta títí ẹ ó fi ka ẹẹ́rin. Sísúnnu yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀nà èémí tètè pa dé kí afẹ́fẹ́ inú tó jáde tán.

Ínhélà onígáàsì, àpò inú tó sún mọ́ ara ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí bó bá tutù, gáàsì tó ń ti oògùn jáde kò ní lágbára. Bó bá ti tutù jù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dì í mú títí yóò fi móoru kí ẹ tó mì ín. Ẹ má fi iná yá a.

Nínú ilé, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2018 pé ní ìgbà òtútù, kí yàrá má tutù ju 18°C lọ. Ẹ rántí yàrá ìsùn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín, ẹ má gbé èédú tó ń jó wọ yàrá láti fi yáná. Carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le kokooko kò lè fara dà á, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí tirẹ̀ ti bàjẹ́.

Ewu òtútù kì í tán lọ́jọ́ tó mú. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó hàn, nítorí pé ìgbà náà ni kòkòrò ọ̀fìnkìn àti ibà flu máa ń ràn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára flu lọ́dọọdún, àti ti pneumonia bí dókítà bá ṣe là á kalẹ̀, wà lára ohun tó ń gbà yín lọ́wọ́ òtútù.

Ọkọ mi gbà pé ooru ló ń yọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Nígbà ooru, ṣe ló máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí sínú yàrá tó gbóná, tí òógùn á bò ó. Mo rí i pé èémí rẹ̀ ń há sí i, ṣùgbọ́n kò gbà. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde kúrò nínú yàrá yẹn. Ooru kì í yọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ṣe ló ń mú un ki. Omi ló ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣàn, omi yẹn náà sì ni òógùn ń gbé jáde lára yín. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó bá ti ki bíi gọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí, kò ní fẹ́ jáde.

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ wà. Bí ara bá gbóná, èèyàn á máa mí kíákíá. Ẹni tó ní COPD kì í rí afẹ́fẹ́ tú síta tán kó tó tún fa òmíràn, nítorí ọ̀nà tó máa gbà jáde ti fún. Bí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ le nínú ilé bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí, kó mí sínú títí àyà rẹ̀ yóò fi kún, kó tú díẹ̀ péré síta, kó tún mí sínú, kó tún tú díẹ̀. Kó tó ṣe é dé ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò rí i pé àyà òun kún fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ tuntun. Kó dúró níbẹ̀, ó ti tó. Màmá, ohun tí ooru ń fi ojú ọkọ yín rí nìyẹn láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ooru tún ní alájọṣe kan tí ojú kì í rí, ìyẹn gáàsì ozone. Kò ti inú èéfín ọkọ̀ jáde tààrà. Oòrùn ló ń se gáàsì inú èéfín náà pọ̀ di ozone, nítorí náà ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú ló máa ń pọ̀ jù. Ojú ọ̀run lè mọ́ roro, kí ozone kún ibẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé èyí yàtọ̀ sí ti òtútù: nígbà òtútù, kùtùkùtù ni kí ẹ sá fún; nígbà ooru, kùtùkùtù ló sàn láti jáde.

Ẹ fa aṣọ fèrèsé bo ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń kọjú sí, kí ẹ sì pa fèrèsé náà dé bí ìta bá gbóná ju inú lọ. Ẹ ṣí wọn lálẹ́ bí ìta bá ti tutù, àyàfi bí èéfín bá wà. Fáànù dára bí ìwọ̀n ooru inú yàrá kò bá tíì tó 40°C. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ lu ara, aṣọ tútù lọ́rùn àti lọ́wọ́, tàbí ẹsẹ̀ nínú omi tútù, ló kù. Fáànù kékeré tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú máa ń dín ìmọ̀lára àìlèmí délẹ̀ kù, ẹ jẹ́ kó wà nítòsí. Ẹ fi aṣọ tútù nu àwọn apá tó ń yí nínú rẹ̀ kí ẹ tó tàn án, kó má bàa fẹ́ eruku oṣù mẹ́ta sí i lójú. Ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ fi sí 24 sí 26°C, kì í ṣe 16. Ẹni tó bá ti inú yàrá oníyìnyín bọ́ sínú oòrùn, àyà rẹ̀ á fún bíi ti ẹni tó kọ ìbéèrè ìṣáájú.

Omi mímu: díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, kí ìtọ̀ lè funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ọkọ yín bá ní àìsàn ọkàn, tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀, ẹ bi dókítà ní iye omi tó lè mu lójúmọ́, nítorí púpọ̀ jù lè wú u lẹ́sẹ̀.

Oògùn náà kò fẹ́ ooru. Ínhélà onígáàsì tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa lè bẹ́ bí ooru bá kọjá 50°C. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ sí lára pé kí ẹ tọ́jú sí ibi tí kò gbóná ju 30°C lọ, ẹ ka ara páálí. Ínhélà oníyẹ̀fun, ọ̀tá rẹ̀ ni ọ̀rinrin: ẹ má gbé e sí balùwẹ̀, ẹ má sì yọ kápúsù kúrò nínú ike rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú tí ẹ máa fà á, torí yẹ̀fun tó bá ti dì kò ní dé ẹ̀dọ̀fóró.

Fóònù mi máa ń sọ nọ́ńbà afẹ́fẹ́ fún mi lójoojúmọ́. Nọ́ńbà wo ni kí n má jáde sí?

Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ fóònù ń lò ni AQI. Láti 0 dé 50 dára, 51 dé 100 mọ níwọ̀nba, 101 dé 150 léwu fún àwọn bíi tiyín, láti 151 sókè ó léwu fún gbogbo èèyàn. Bó bá ti lé ní 50, ẹ máa fetí sí ara yín. Bó bá ti di 101, ẹ fi iṣẹ́ tó ń mú èèyàn mí gúlegúle sílẹ̀ níta, kí ẹ sì ti fèrèsé. Ẹ má dúró de 151.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí. AQI 100 kò túmọ̀ sí máíkírógíráàmù 100. Nínú ìṣirò ti Amẹ́ríkà, AQI 100 jẹ́ nǹkan bí máíkírógíráàmù 35 PM2.5 nínú mítà oníhà mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, láàárín wákàtí 24. WHO ní tirẹ̀ sọ lọ́dún 2021 pé kó má ju 15 lọ ní wákàtí 24, kó má sì ju 5 lọ bí a bá pín in ká gbogbo ọdún. Ẹ rí i pé ọjọ́ tí fóònù pè ní "mọ níwọ̀nba" lè ti kọjá ohun tí WHO fọwọ́ sí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń ṣírò tirẹ̀, ẹ wo èyí tí fóònù yín ń lò.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ nítòsí, ẹ yan ilé gíga tàbí òkè kan tí ẹ máa ń rí lọ́ọ̀ọ́kán lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá di bàìbàì, ọjọ́ náà kò dára.

Ṣé ìbòmú ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ńkọ́?

Ìbòmú aláṣọ àti ti oníṣẹ́ abẹ kò tó fún PM2.5, nítorí ẹ̀gbẹ́ wọn ṣí sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára ló ń ṣiṣẹ́: N95 ń mú ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 èérún, bó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ bò ó, kí ẹ mí síta. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí yín lójú, kò lẹ̀. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀. Kò sì mú gáàsì bí ozone. Ó máa ń mú kí mímí le díẹ̀ sí i, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lórí ìjókòó nínú ilé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ wo bí ara ṣe gbà á. Bí òyì bá kọ́ yín, ẹ bọ́ ọ. Àwọn tí àrùn wọn ti le jù kò ní lè lò ó, ilé ni kí wọ́n dúró sí.

Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ wá èyí tó ní asẹ́ HEPA, tó ń mú ìdá 99.97 nínú 100 èérún tó jẹ́ máíkírómítà 0.3. Ó gbọ́dọ̀ bá títóbi yàrá mu. Ẹ wò ó lára páálí. Yàrá ìsùn ni kí ẹ gbé e sí, kí ó ṣiṣẹ́ mọ́jú pẹ̀lú fèrèsé títì. Asẹ́ tó ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ní ó ń tú ozone jáde láti fọ afẹ́fẹ́. Ohun tí a ń sá fún níta ni ìyẹn ń kó wọlé. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú wọn tó ń mú carbon monoxide.

Mi ò mu sìgá rí láyé mi. Dókítà fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí yẹ̀ mí wò, ó ní COPD ni. Báwo ló ṣe jẹ́? Iná igi ni mo fi dáná fún ọgbọ̀n ọdún.

Ẹ ti dá ara yín lóhùn, màmá. WHO sọ pé láwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, sìgá kò ju ìdá 30 sí 40 nínú 100 lọ nínú ohun tó ń fa COPD, èéfín inú ilé sì wà lára ohun tó fa ìyókù. Bílíọ̀nù méjì èèyàn àti díẹ̀ ló ṣì ń fi igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn dáná káàkiri ayé. Ìyàwó ilé tó tẹ̀ síwájú ààrò, tó ń fẹ́ iná lẹ́nu, ló ń gba èéfín náà kó tó rí ààyè fẹ́rẹ́. Èéfín tó sún mọ́ imú jù ni èéfín tó léwu jù, ó ju ti ọ̀nà márosẹ̀ tó jìnnà lọ. Bí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, èyí ni kí ẹ ṣe: ẹ kúrò nídìí èéfín náà.

Gáàsì tàbí iná mànàmáná ló dára jù. Bí agbára kò bá tíì ká a, ẹ gbé ààrò síta tàbí sábẹ́ ibi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí, kí ẹlòmíràn máa dáná, kí ẹ sì dúró sí apá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Igi gbígbẹ ni kí ẹ fi dá a, torí igi tútù ń fi agbára iná gbẹ omi ara rẹ̀, èéfín ló kù fún yín. Ìdérí lórí ìkòkò ń dín àkókò tí iná máa fi jó kù. Ẹ má fi ọ̀rá tàbí ike ṣáná.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé tàbí fèrèsé tó mítà mẹ́fà. Ẹ̀fọn, àwọ̀n ni kí ẹ fi dènà rẹ̀: ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé kọ́ìlì ẹ̀fọn kan ṣoṣo ń tú PM2.5 tó ti sìgá 75 sí 137 jáde. Pàǹtírí, kí wọ́n má jó o nítòsí yín. Ilẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún dípò kí ẹ fi ìgbálẹ̀ tú eruku sókè.

Wọ́n ní kí n máa rìn, wọ́n tún ní kí n sá fún èéfín ọkọ̀. Èwo ni kí n gbọ́?

Ẹ gbọ́ méjèèjì, ibi tí ẹ ti máa rìn ni kí ẹ yàn. Àwọn olùwádìí kan ní London mú àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àwọn tó ní COPD wà lára wọn, wọ́n ní kí wọ́n rìn fún wákàtí méjì: ọjọ́ kan ní Oxford Street, níbi tí bọ́ọ̀sì àti takisí oní-dísẹ́lì ń gbà nígbà náà, ọjọ́ mìíràn nínú ọgbà Hyde Park. Èsì rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2017. Nínú ọgbà, ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, àǹfààní náà sì wà títí di ọjọ́ kejì. Ní Oxford Street, èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní náà dàwátì, àwọn tó ní COPD sì wúkọ́ sí i, èémí wọn sì há sí i. Àwọn ẹsẹ̀ kan náà ló rìn, wákàtí kan náà ni.

Èéfín ọkọ̀ máa ń dín kù gan-an bí èèyàn bá ti fi ọgọ́rùn-ún sí igba mítà kúrò létí títì ńlá. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó gùn díẹ̀ sàn ju ti títì tó yá lọ. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá burú, ẹ rìn nínú ilé, tàbí kí ẹ máa dìde jókòó lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe fi rírìn sílẹ̀ pátápátá, iṣan ẹsẹ̀ tó bá rọ ń béèrè èémí tó pọ̀ sí i fún iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀rọ tí mo ń fi sí ìka ka 91. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ fara balẹ̀. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yín ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n, nínú 100. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní COPD, 91 lè jẹ́ nọ́ńbà ojoojúmọ́. Àwọn tí gáàsì ìdọ̀tí èémí (carbon dioxide) máa ń pọ̀ lára wọn, àárín 88 sí 92 ni àwọn dókítà máa ń fẹ́ kó wà bí wọ́n bá ń fún wọn ní ọ́síjìn. Ohun tí ẹ máa wò ni bó ṣe yàtọ̀ sí tiyín: bó bá fi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ tí kò sì gòkè, tàbí tó wà nísàlẹ̀ 88, ẹ pe dókítà. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ìka móoru, kí ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Ẹ mọ̀ pé lára awọ dúdú, ẹ̀rọ náà lè ka nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe jẹ́ lọ. Nítorí náà, bí èémí bá ń há yín, ẹ gba ara yín gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ. Bí ẹ bá sì ń lo ọ́síjìn nílé, ẹ má fi ọwọ́ ara yín yí i sókè.

Ìgbà wo ni ó kọjá ohun tí a lè ṣe nílé?

Bí nǹkan méjì nínú mẹ́ta yìí bá yí padà tó sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà: èémí há ju ti àtẹ̀yìnwá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ pọ̀ sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ di aláwọ̀ ọsàn pípọ́n tàbí àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ti fún yín ní oògùn pàjáwìrì sílé tẹ́lẹ̀, ìgbà yìí ni kí ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ilẹ̀ mọ́: bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, bí ètè tàbí èékánná bá di àwọ̀ aró tàbí eérú, bí ó bá ń sọ̀sọkúsọ tàbí tí oorun ń kùn ún lójijì, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí bí ínhélà tó ń tètè tú àyà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Lásìkò ooru, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ẹ máa da omi tútù sí i lára bí ẹ ṣe ń gbé e lọ.

Ẹ gbé e jókòó, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó fi apá lé orúnkún. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo ínhélà rẹ̀ àti ìwé kékeré yẹn dání. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀, kí wọ́n tó fi ọ́síjìn sí i nímú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé COPD ló ní, kí wọ́n lè wọn ọ́síjìn náà fún un, torí èyí tó pọ̀ jù lè mú kí gáàsì ìdọ̀tí èémí kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.